Pọ́ọ̀tì mẹ́ta fẹ́ bayé mi jẹ́: ṣé kí n pààrọ̀ pọ́tà ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà gọ́ọ̀fù, ẹ kú ìjókòó o. Mo ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa láti orí tíì, níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbá tí mo ń fi irin gbá náà kò burú, àmọ́ bí mo bá ti dé orí gíríìnì báyìí, níbi koríko kúkúrú tí ihò wà, wàhálà dé nìyẹn. Nínú eré tí mo gbá kẹ́yìn, pọ́ọ̀tì 40, ìyẹn ìgbá 40 lórí gíríìnì nìkan, ni mo kà. Ogójì! Ẹni tí a jọ ń gbá a ní pọ́tà mi, ọ̀pá tí mo fi ń gbá pọ́ọ̀tì, ti di àlòkù, kí n ra èyí tí orí rẹ̀ tóbi. Ẹlòmíì ní àbínibí ni pọ́ọ̀tì, pé ẹni tí a kò bá bí i mọ́ kò lè ní in láéláé. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò fún mi.

* * *

Ẹ ṣì fi owó yín sápò ná. Ká tó dórí pọ́tà, ẹ jẹ́ ká yẹ ogójì yẹn wò, torí iye pọ́ọ̀tì a máa tan èèyàn. Ẹni tó ṣètò par, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n retí kí ọ̀jáfáfá fi parí eré, ti ka pọ́ọ̀tì méjì mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan: ihò 18, pọ́ọ̀tì 36, ìdajì par 72 gẹ́lẹ́. Bí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, mẹ́rin péré lẹ fi lé. Àmọ́ ẹ wo àwọn méjì yìí. Ẹnìkíní ń fi irin gbá bọ́ọ̀lù dé orí gíríìnì ní ọ̀pọ̀ ihò, ṣùgbọ́n ó máa ń balẹ̀ síbi tó jìnnà. Ó ka pọ́ọ̀tì 36. Ẹnìkejì kì í débẹ̀, ẹ̀bá gíríìnì ló máa ń bọ́ sí, á wá rọra gbé bọ́ọ̀lù sún mọ́ ihò, á fi ẹyọ kan parí rẹ̀. Ó ka 30. Ṣé ẹnìkejì ló mọ pọ́ọ̀tì jù? Rárá o. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ló sún mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ àbínibí, n ò gbà á rárá. Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe nínú gọ́ọ̀fù, pọ́ọ̀tì ni kò béèrè agbára, kò béèrè gíga, kò sì béèrè ọjọ́ orí. Ẹni àádọ́rin ọdún ń pọ́ọ̀tì ju ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ inú ìkùukùu lọ. Ohun tí à ń pè ní àbínibí, iṣẹ́ tí ẹlòmíì ṣe nígbà tí a ò sí níbẹ̀ ni.

Torí náà, kí ẹ tó bi wá nípa pọ́tà, ẹ dá wa lóhùn: nínú ogójì yẹn, ihò mélòó lẹ ti gbá pọ́ọ̀tì mẹ́ta? Báwo sì ni bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà sí ihò tó kí ẹ tó fa pọ́tà yọ nínú àpò?

* * *

Ẹni tó sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé mi ní ìlà ni gbogbo rẹ̀, pé bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tààrà, ó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ kan náà sì ń fi kọ́ni. Ìṣirò ni kò gbè wọ́n.

Ihò gọ́ọ̀fù fẹ̀ ní íǹṣì 4.25, bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo, láti 1891 tí R&A, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù, ti sọ ọ́ dòfin. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ojú pọ́tà bá fi dìgírì kan péré ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á fi íǹṣì méjì yà kúrò ní àárín ihò, ìyẹn ni pé etí rẹ̀ gan-an ló ń lọ. Nítorí náà, ní tòsí, òótọ́ lẹ sọ, ojú pọ́tà ni ọba. Ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kọrí sí, ojú pọ́tà ló ń pinnu ohun tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọ̀nà tí apá gbà fì í kò kó ju ìyókù lọ.

Ó yá, ẹ sún bọ́ọ̀lù sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà 30. Dìgírì kan yẹn di íǹṣì mẹ́fà àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ ní ẹ ṣì í gan-an, dìgírì mẹ́ta odindi: kò tíì pé ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ṣùgbọ́n bí agbára tí ẹ fi gbá a bá lé tàbí dín ní ìdá kan nínú márùn-ún, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló ṣẹ́ kù láti gbá. Ẹ dúró lẹ́bàá gíríìnì èyíkéyìí lọ́jọ́ ìdíje, kí ẹ wo àwọn pọ́ọ̀tì jíjìn. Bọ́ọ̀lù tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í jìnnà sí ihò. Èyí tó kúrú àti èyí tó sáré kọjá ló ń bí pọ́ọ̀tì kẹta.

Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: láti òkèèrè, agbára ni kí ẹ kọ́, ní tòsí, ojú pọ́tà. Àárín méjèèjì tí gbogbo èèyàn ń lo àkókò wọn sí, ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹsẹ̀ bàtà 15, ibẹ̀ ni èrè kéré sí jù lọ.

* * *

Pọ́tà wá ńkọ́? Ẹni tó ní kí wọ́n ra olórí ńlá kò parọ́ tán. Orí tó fẹ̀, tí wọ́n pín ìwúwo rẹ̀ sí etí, kì í tètè lọ́ bí bọ́ọ̀lù kò bá bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró síbì kan á rí àǹfààní níbẹ̀.

Àmọ́ gígùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orí. Pọ́tà tó gùn jù fún èèyàn á lé e jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ á sì máa wo ìlà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá yín: ẹ dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá a, ẹ gbé bọ́ọ̀lù kejì sí òkè imú, láàárín ojú méjèèjì, ẹ jù ú sílẹ̀. Bó bá já lé èyí tó wà nílẹ̀, tàbí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ yí nǹkan kan padà. Bó bá já sí òdìkejì, ẹ tẹ̀ síwájú jù. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé ẹsẹ̀ yín, ẹ sún mọ́ bọ́ọ̀lù tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gé pọ́tà náà kúrú. Gígé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tuntun.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fúnni níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ojú pọ́tà kò dúró ṣánṣán. Ó máa ń fì sẹ́yìn ní dìgírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí bọ́ọ̀lù máa ń rì díẹ̀ sínú koríko, ó sì gbọ́dọ̀ rọra gòkè kúrò níbẹ̀ kó tó máa yí. Ẹni tó bá ti ọwọ́ síwájú jù ti pa ìfìsẹ́yìn yẹn rẹ́. Bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ ta, agbára kò sì ní í jọra lẹ́ẹ̀mejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra pọ́tà mẹ́wàá, bákan náà ni yóò máa rí.

Ẹni tó béèrè nípa pọ́tà gígùn tí wọ́n ń tì mọ́ àyà: láti 2016 ni òfin ti kọ̀ ọ́. Ẹ lè lo pọ́tà gígùn, kò sẹ́ni tó máa mú yín, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fi ìdí rẹ̀ tàbí ọwọ́ tó dì í mú gún ara. Kí ó fara ti apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, òfin gbà á.

* * *

Ẹ̀yin méjì tó ń bá ara yín jà láti àárọ̀ lórí bóyá kí a fi ọ̀pá àsíá sílẹ̀ nínú ihò tàbí kí a yọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ìyà ìgbá méjì ni tẹ́lẹ̀ bí èèyàn bá pọ́ọ̀tì láti orí gíríìnì kó sì kan ọ̀pá tí ẹnìkan kò dì mú; láti 2019, òfin ní kí ẹni tó bá wù kó fi sílẹ̀. Mo máa ń fi í sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá dà sísàlẹ̀ tàbí tó bá jìnnà. Bí atẹ́gùn bá tẹ̀ ẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń yọ ọ́. Ó tán.

* * *

“Bọ́ọ̀lù tí kò dé ihò kò lè wọ ihò.” Kò sí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù tí kò gbọ́ ọ rí, ẹnìkan sì ti tún fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sókè yìí. Òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó sáré kọjá, ṣé ó wọlé ni?

Ihò a máa kéré sí i bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń yára sí i. Bọ́ọ̀lù tó ń rọra bọ̀ lè gba etí wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì. Èyí tó ń sáré, àfi kó bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á yí etí ihò po, á jáde, yóò sì máa wò yín. Dave Pelz, tó ti ṣiṣẹ́ ní NASA kó tó di olùkọ́ gọ́ọ̀fù, ní agbára tó dára jù lọ ni èyí tí ì bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ihò ní bí íǹṣì 17, ká ní ihò kò sí níbẹ̀. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ fún gbogbo ojú: gbogbo èèyàn ló ń tẹ àyíká ihò mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ etí rẹ̀ gan-an. Bọ́ọ̀lù tí agbára rẹ̀ ti tán á máa gba inú ipa ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe ségesège níbi tó yẹ kó ti wọlé.

Mo gbà fún un ní pọ́ọ̀tì kúkúrú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní ilẹ̀ tó dà sísàlẹ̀, n ò gbà rárá. Ẹ jẹ́ kó kú sẹ́nu ihò. Ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ẹ gbàgbé gbogbo íǹṣì.

Nítorí náà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín bí ẹnìkan bá bi mí pé “Ìlà wo ni?” lórí gíríìnì tó dagẹ̀rẹ̀. Kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbá a le á gba ọ̀nà tó tọ́, ẹni tó fẹ́ gbá a jẹ́jẹ́ á gba òkè lọ yípo, àwọn méjèèjì sì lè wọlé. Ẹ sọ agbára tí ẹ fẹ́ lò fún mi ná, ká tó sọ̀rọ̀ ìlà.

* * *

Kíka gíríìnì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á lóṣòó, wọ́n á di ojú kan. Nígbà yẹn, ojú ti sún mọ́ ilẹ̀ jù láti rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe dà. Ìgbà tí ẹ ṣì ń rìn bọ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Apá ibo ló ga? Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí rẹ̀, ibo ni omi máa gbà jáde? Ẹni tó ṣe gíríìnì gbọ́dọ̀ fún omi lọ́nà, ọ̀nà yẹn náà sì ni bọ́ọ̀lù máa fẹ́ tọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ rìn lọ sí ihò, kí ẹsẹ̀ yín sọ ìyókù.

Ẹ wo ẹnu ihò náà fúnra rẹ̀. Etí kan máa ń mọ́ bíi pé abẹ ni wọ́n fi gé e, èkejì á ti gbó, koríko rẹ̀ á ti pọ́n díẹ̀. Apá tó gbó yẹn ni koríko kọrí sí. Bí koríko bá ń dán lójú yín, ẹ̀ ń bá a lọ, bọ́ọ̀lù á yára. Bó bá ṣókùnkùn, òdì lẹ̀ ń gbá sí.

Ẹnìkan ní “gíríìnì ti wa, Stimp 11 ni,” bí ẹni tó ń júwe mọ́tò. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí kó yí kúrò lórí rẹ̀ ni Stimpmeter. Edward Stimpson ló gbé e jáde ní 1935, USGA, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, sì pín in fún àwọn kọ́ọ̀sì ní 1978. Iye ẹsẹ̀ bàtà tí bọ́ọ̀lù yí lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni nọ́ḿbà náà. Ó wúlò fún ẹni tó ń gé koríko. Ọwọ́ tiyín kò mọ 11. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lórí gíríìnì ìgbáradì, kí pọ́tà lọ sẹ́yìn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún (ẹni tó ń fi òsì gbá á yí i padà), kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn bó ṣe lọ tó. Ìwọ̀n ti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ìrì àárọ̀ á dín in kù, ọ̀sán á tún yí i padà.

Ní ti àwọn tó ń na ìka sókè lójú ihò láti ṣírò ìdagẹ̀rẹ̀, òfin kò kọ̀ ọ́, ó sì wà fún ẹni tó ti kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó kàn rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni òfin dámọ̀ràn fún ìgbá kan, àwọn tó wà lẹ́yìn wa náà fẹ́ tètè délé.

* * *

Mo rí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní orí tíì wà fún àṣehàn, pọ́ọ̀tì ló ń mówó wá. Òwe àtijọ́ ni, àmọ́ Mark Broadie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, ti kó ìgbá àwọn àgbà òṣèré jọ, ó sì fi hàn pé nínú ohun tí àwọn tó ń gbégbá orókè fi ju àwọn yòókù lọ, pọ́ọ̀tì kò kó ju bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìṣirò rẹ̀ ni PGA Tour, ìdíje àwọn ọ̀jáfáfá ní Amẹ́ríkà, mú lò fún pọ́ọ̀tì ní 2011. Ẹlòmíì ti wá ń fi èyí sọ pé kí a má wulẹ̀ kọ́ pọ́ọ̀tì mọ́. Ẹ rọra o. Àwọn tí ó wọ̀n, gbogbo wọn ló ti mọ pọ́ọ̀tì, nítorí náà kò sí ààyè ńlá láàárín wọn. Èmi àti ẹ̀yin, ààyè ń bẹ.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé pé ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹni tó tẹ̀ lé e sì ní kó lọ mú ọkàn le. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà. Àwọn oníṣègùn tó ti yẹ gbígbọ̀n ọwọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní yips, wò sọ pé ti ẹlòmíì, ìpayà ni. Ti ẹlòmíì, iṣan ló ń fúnra rẹ̀ fà láìgba àṣẹ. Ẹ ò lè pariwo mọ́ iṣan.

Mo máa ń bá ẹnìkan gbá a tó ní in. Á fi pọ́tà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á funfun. Á kúrò. Á tún padà dúró. Bí pọ́tà bá ti ń bọ̀ báyìí, ní bí íǹṣì mélòó kan sí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún á ta pàrá, bọ́ọ̀lù á sì kọjá ihò débi tó jìnnà ju ibi tó ti wá lọ. Nǹkan méjì ló gbà á. Ó ṣíwọ́ dídi ọwọ́ ọ̀tún mú, ó kàn ń fi ìka méjì gbé e lé pọ́tà bí ẹni tó mú kálàmù. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ihò dípò bọ́ọ̀lù nígbà tó bá ń gbá a. Ẹ má rẹ́rìn-ín; Jordan Spieth, tó gba ìdíje ńlá Masters ní 2015, máa ń wo ihò bẹ́ẹ̀ ní àwọn pọ́ọ̀tì kúkúrú nígbà yẹn.

Àwọn tó ń bú ọwọ́ òsì-nísàlẹ̀ àti àwọn ìdìmú mìíràn pé kò dùn ún wò, ṣé ẹwà ni à ń kọ sí káàdì? Bernhard Langer ní yips, ó pààrọ̀ ìdìmú títí, ó sì gba Masters ní 1985 àti 1993. Ìdìmú tó bá jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ dákẹ́ ni ìdìmú tó dára.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ló ń ṣe. Ní 1970, ní St Andrews, pọ́ọ̀tì kúkúrú kan ló kù fún Doug Sanders láti gba ìdíje ńlá The Open. Ó ṣì í, òun àti Jack Nicklaus wá di ọgbọọgba. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún un gbá, Nicklaus sì gba ife náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

* * *

Olùbéèrè ti padà, ẹ ṣeun. Ó ní nínú ihò 18, mẹ́fà ni òun ti gbá pọ́ọ̀tì mẹ́ta, méjì ni òun ti gbá ẹyọ kan, mẹ́wàá yòókù jẹ́ méjì-méjì. Márùn-ún nínú mẹ́fà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, pọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ sì ń fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sílẹ̀.

Ó hàn gbangba nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní PGA Tour, ìdajì péré ni wọ́n ń rí wọlé láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Láti 30, kò ju bí méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti bí 33 sókè, àwọn gan-an sábà ń gbá mẹ́ta ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni pé ẹ ṣi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Bí ẹ ṣe débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ bàtà 30, 40 àti 50, kí ẹ má gbá ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, torí ìgbá kejì láti ojú kan náà ń tanni jẹ. Lórí kọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń fún yín ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sì gbá a sí ihò. Ẹ gbá a sí etí gíríìnì, kó dúró kó tó jáde. Kí ẹ tó gbá a, ẹ fi pọ́tà ṣe é lófìfo lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ojú yín lórí ibi tí ẹ̀ ń gbá a lọ, bí ẹni tó fẹ́ ju kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: ọwọ́ ọ̀rẹ́ lèèyàn ń wò, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Jíjìn pọ́tà sẹ́yìn ni kó máa yí padà. Kí ẹ má ṣe fi ipá kún un lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ gún tíì méjì, èèkàn kékeré tí à ń gbé bọ́ọ̀lù lé, sílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀lù, kí àyè àárín wọn fi díẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, kó gba ibẹ̀ kọjá láìkan èyíkéyìí. Bó bá ń kan èyí tó wà lọ́tùn-ún, ojú pọ́tà ń ṣí. Bó bá jẹ́ tòsì, ó ń padé. Tíì kì í ṣojúsàájú. Ẹ má gbórí sókè títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ihò.

Ẹni tó ń bi mí pé “àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún lóòjọ́?”, iye kọ́ ni. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá rí i pé ọkàn yín kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní eré tó ń bọ̀, ẹ má ka pọ́ọ̀tì rárá. Ẹ kọ ẹsẹ̀ bàtà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn pọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ sí etí káàdì, ihò sí ihò, kí ẹ sì fi àmì sí i bóyá ó kúrú ni tàbí ó kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń kúrú, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, a ó tún un sọ. Bó bá ń ṣe kúrú, ṣe kọjá, ẹ padà sórí bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti etí gíríìnì.